Mọremí Tiwa àti Moremi Tiwọn: Alẹ́ Méjì Lórí Omi Okavango

Ọmọ tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí, òun ni ó máa ń sọ pé kò sí oko tí ó tóbi tó ti bàbá òun. Bí àwọn àgbà wa ti wí nìyẹn, ọ̀rọ̀ wọn kì í sì í ṣákìí. Ọ̀rọ̀ náà ni ó sọ sí mi lọ́kàn ní oṣù kẹrin ọdún, nígbà tí mo jókòó sínú bàálù kékeré kan tí kò gbà ju èèyàn méjìlá lọ, tí ó gbé wa kúrò ní ìlú Maun, tí ó sì ń fò lọ lókè ilẹ̀ olómi Okavango ní orílẹ̀-èdè Bòtswánà, níhà gúúsù ilẹ̀ Áfíríkà. Bí mo ti wo ìsàlẹ̀, omi ni mo rí, koríko ni mo rí, erékùṣù kéékèèké ni mo rí bí ẹni pé ènìyàn sá ẹ̀gúsí sórí ẹní. Ipa ẹsẹ̀ ẹranko wà nínú omi náà, ó gba ibí, ó gba ọ̀hún, bí ilà ojú àgbà.

Awakọ̀ òfúrufú na ìka sí ìsàlẹ̀, ó ní, “Moremi nìyẹn.” Mo tagìrì. Ọmọ Yorùbá wo ni yóò gbọ́ orúkọ yìí ní òkèèrè tí etí rẹ̀ kò ní dìde? Mo ní kí ó tún un sọ. Ó tún un sọ. N óò padà sórí ọ̀rọ̀ orúkọ yìí, nítorí òun gan-an ni ó mú mi kọ àròkọ yìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe dé ibẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé owó oṣù olùkọ́ ti di ohun tí a fi ń gbafẹ́ láàrin àwọn olówó ayé. Ìpàdé àwa tí a ń kọ́ni ní èdè ilẹ̀ Áfíríkà ni ó gbé mi dé Gaborone, olú-ìlú Bòtswánà. Ọ̀rẹ́ mi kan níbẹ̀, tí òun náà ń kọ́ni ní èdè Setswana, ní àbúrò tí ó ń ṣe atọ́nà ní ọ̀kan nínú àwọn àgọ́ ìgbafẹ́ tí ó wà láàrin omi náà. Nítorí pé àlejò kò tíì pọ̀ ní àkókò yẹn, wọ́n gbà mí fún alẹ́ méjì ní ìdá díẹ̀ nínú iye tí àwọn ẹlòmíràn ń san. Nígbà tí àlejò bá pọ̀ jù lọ, àwọn àgọ́ tí ó lókìkí níbẹ̀ a máa gbà ju 1,000 dọ́là Amẹ́ríkà lọ lọ́wọ́ ẹnì kan fún alẹ́ kan ṣoṣo. Ẹ fi ìyẹn mọ irú ibi tí mò ń sọ.

Odò tí kò dé òkun

Kí a tó sọ̀rọ̀ àgọ́, ó yẹ kí a sọ̀rọ̀ omi, nítorí omi ni ó bí gbogbo rẹ̀. A máa ń sọ pé odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Orísun Okavango kò sí ní Bòtswánà rárá. Orí òkè ilẹ̀ Àǹgólà ni ó wà. Níbẹ̀ ni òjò ńlá ti ń rọ̀ ní nǹkan bí oṣù kìn-ín-ní àti oṣù kejì ọdún. Odò méjì, Cubango àti Cuito, ni ó ń gbé omi òjò náà sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n pàdé, wọ́n di ọ̀kan, wọ́n gba ojú ilẹ̀ tóóró kan ní Nàmíbíà kọjá, wọ́n sì wọ Bòtswánà ní Mohembo. Lẹ́yìn ìrìn díẹ̀, odò náà là bí ìka ọwọ́ sórí iyanrìn aṣálẹ̀ Kalahari. Kò dé òkun láéláé. Ìdá tí ó pọ̀ jù lọ nínú omi náà ni oòrùn àti ewéko ń fà padà sí òfúrufú. Díẹ̀ a wọ inú iyanrìn, díẹ̀ a sì ṣàn jáde níhà Maun.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé omi náà kì í kánjú. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, koríko inú omi sì pọ̀, nítorí náà ó máa ń gba omi Àǹgólà ní oṣù mélòó kan kí ó tó tàn dé ìsàlẹ̀. Ìgbà tí ó máa ń kún jù lọ, láàrin oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn àti òtútù gan-an ni ní Bòtswánà. Nígbà tí gbogbo ilẹ̀ yòókù bá gbẹ táútáú, ìgbà náà ni omi dé. Ìdí nìyí tí ẹranko fi ń wọ́ tìrítìrí lọ síbẹ̀. Ní 2014 ni àjọ UNESCO kọ orúkọ ilẹ̀ olómi yìí sínú ìwé àwọn ohun ìní gbogbo ayé, òun sì ni ó pé 1,000 nínú ìwé náà. Àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́ta tí odò náà gbà kọjá ti dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ láti 1994, kí ẹni tí ó wà lókè má baà mu omi tán kí ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ tó bomi.

Àwọn ará ibẹ̀ mọ iyì omi ju bí àwa tí òjò ń pa lọ. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pe òjò, “pula”, òun náà ni orúkọ owó wọn, òun náà sì ni wọ́n ń ké nígbà tí wọ́n bá ń súre ní àwùjọ. Òjò, owó, ìre: ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fi pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ìyanu kan kù, ikán ni. Atọ́nà mi ni ó ṣàlàyé fún mi pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn erékùṣù tí mo rí láti òkè, ọ̀gán ni ó pilẹ̀ wọn. Ikán a kọ́ ọ̀gán rẹ̀ sókè nígbà tí omi bá fà. Bí omi bá padà dé, kì í bo orí ọ̀gán náà mọ́lẹ̀. Ẹyẹ a bà lé e, a yàgbẹ́ kóró èso sí i, igi a hù, ilẹ̀ a máa kó jọ sí ìdí igi, títí yóò fi di erékùṣù tí erin lè dúró lé. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ mọ ohun tí ọ̀gán jẹ́ nínú ìtàn àwọn ọdẹ wa, ẹ óò mọ ìdí tí mo fi dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́ nígbà tí mo gbọ́ èyí.

Àgọ́ tí ó ju ilé lọ

Àgọ́ ni wọ́n ń pè é, àgọ́ náà sì ni. Aṣọ tí ó nípọn ni ògiri rẹ̀, aṣọ ni òrùlé rẹ̀, orí pèpéle onípákó ni ó sì dúró lé, kí omi àti ejò má baà wọlé tọ àlejò. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ṣí aṣọ ẹnu ọ̀nà, ibùsùn tí ó tó ti ọba ni yóò rí, àwọ̀n ẹ̀fọn funfun lókè rẹ̀, balùwẹ̀ olómi gbígbóná lẹ́yìn rẹ̀, iná tí wọ́n ń fà láti ara oòrùn, àti àga méjì níta tí ó kọjú sí omi. Ètò ìjọba ibẹ̀ ni pé kí àlejò kéré, kí owó tí wọn yóò san sì pọ̀. Wọ́n fi iye ibùsùn sí òǹkà, wọn kì í sì í fi kọ̀ǹkéré kọ́lé sáàrin omi náà bí ènìyàn ṣe ń kọ́ òtẹ́ẹ̀lì. Bí ọdún ìyáwó ilẹ̀ bá pé, ó yẹ kí ó ṣeé ṣe láti ká gbogbo rẹ̀ nílẹ̀.

Kò sí ọgbà yí àgọ́ náà ká. Ẹranko ni ó ni ibẹ̀, àlejò ni ènìyàn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n ti ń fi tíì jí wa, a ó wọ mọ́tò tí kò ní òrùlé, a ó sì máa wo efọ̀n, ìmàdò, àgbọ̀nrín pupa inú omi tí wọ́n ń pè ní lechwe, àti erinmi tí orí rẹ̀ nìkan yọ bí òkúta. Bí oòrùn bá mú, a ó padà wá sinmi. Bí ó bá rọlẹ̀, a ó tún jáde. Ní alẹ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá rìn láti ibi oúnjẹ dé àgọ́ rẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan ni yóò fi tọ́ọ̀ṣì sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìkíni. Nígbà tí a dé, àwọn òṣìṣẹ́ tò lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Àwọn àlejò tí a jọ dé, tí wọ́n ti Yúróòpù àti Amẹ́ríkà wá, rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ibi tí kìnnìún wà. Ọ̀rẹ́ mi ti kọ́ mi ní ti wọn. Ìyá àgbà kan wà nínú wọn tí ó máa ń tún àgọ́ ṣe. Mo tẹ̀ ba, mo fi ọwọ́ òsì ti apá ọ̀tún bí mo ti na ọwọ́ ọ̀tún sí i, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún àgbà, mo sì ní, “Dumela, mma.” Ojú ìyá náà là. Ó ní, “Dumela, rra.” Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, òun ni ó kọ́kọ́ kí mi: “O tsogile jang, rra?” Ìtumọ̀ èyí ni, báwo ni ẹ ṣe jí? Ẹ wo bí ó ti sún mọ́ “Ẹ ò jíire?” tiwa. Ìran tí kì í bá ènìyàn dúnàá-dúrà kí ó tó mọ̀ bí ó ti jí, ìran wa ni, bí èdè wa tilẹ̀ yàtọ̀.

Ṣùgbọ́n n kò ní tan yín pé dídùn nìkan ni mo bá níbẹ̀. Ní alẹ́ àkọ́kọ́, a jókòó yí tábìlì gígùn kan ká. Mo dìde lọ wo ìràwọ̀. Bí mo ti ń padà bọ̀, bàbá àgbà kan láàrin àwọn àlejò na ife rẹ̀ sí mi, ó ní kí n jọ̀wọ́, kí n bu omi wá. Èmi nìkan ni adúláwọ̀ tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ níbẹ̀. Ó rò pé mo wà lára wọn ni. Atọ́nà mi fẹ́ sọ̀rọ̀, mo ṣẹ́jú sí i. Mo gba ife náà, mo bu omi sí i, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún bàbá náà, mo sì padà jókòó sí àga mi ní iwájú rẹ̀. Ojú tì í púpọ̀, ó tọrọ àforíjì títí. Mo sọ fún un pé ní ilé wa, a kì í fi omi du àgbà. Òótọ́ ni mo sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé àgọ́ mi, inú mi kò dùn tó bí ojú mi ti fi hàn. Áfíríkà ni a wà, a sì ti jọ gbà lọ́kàn pé ọmọ Áfíríkà tí ó bá wà ní irú ibẹ̀, iṣẹ́ ni ó ń ṣe.

Erin lẹ́yìn aṣọ

Alẹ́ yẹn kan náà ni erin wá. Ó ti tó nǹkan bí aago méjì òru nígbà tí mo gbọ́ tí ẹ̀ka igi fọ́ ní ẹ̀gbẹ́ àgọ́. Mo gbọ́ bí ó ti ń já ewé, mo gbọ́ bí ó ti ń jẹ ẹ́, mo sì gbọ́ inú rẹ̀ tí ó ń kùn bí ààrá tí ó jìnnà. Aṣọ kan ṣoṣo ni ó wà láàrin èmi àti òun.

Ó lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìjálá. Mo lè ki erin láti orí dé ìrù. Mo mọ ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adeboye Babalola gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ọdẹ, tí ó sì tẹ̀ jáde ní 1966 nínú ìwé ńlá rẹ̀ lórí ìjálá. Ṣùgbọ́n erin inú igbó, ojú mi kò rí i rí. Mo fẹ́ ki ẹranko náà ní òru yẹn. Ẹnu mi gbẹ, ohùn kò jáde. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé àwọn ọdẹ tí ó dá oríkì erin sílẹ̀ kò ṣe àsọdùn rárá. Ẹlẹ́rìí ni wọ́n. Ohun tí wọ́n rí, tí ẹ̀rù rẹ̀ bà wọ́n, ni wọ́n sọ. Àwa tí a ń ṣàlàyé rẹ̀ nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ lónìí, àgbọ́sọ ni tiwa.

Ní òwúrọ̀, atọ́nà mi fi mokoro gbé mi lọ sórí omi. Ọkọ̀ tóóró ni mokoro. Igi ńlá ni wọ́n máa ń gbẹ́ ṣe é tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n láti dá igi sí, ike líle ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú wọn nísinsìnyí. Ó dúró sí ẹ̀yìn, ó ń fi ọ̀pá gígùn ti ọkọ̀ láàrin òṣíbàtà. Mo sọ fún un nípa erin òru àná. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Rra, ní ilẹ̀ yín, mélòó ni ó kù?”

Ìtìjú mú mi. Mo ní díẹ̀ ṣì kù ní igbó Ọ̀mọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, wọ́n fara pamọ́, ẹni tí ó rí wọn kò pọ̀. Orílẹ̀-èdè tirẹ̀ ní tó 130,000, kò sì sí orílẹ̀-èdè mìíràn ní Áfíríkà tí ó ní tó bẹ́ẹ̀. Mo rò pé yóò yangàn. Kò yangàn. Ó ní, “Ìyá mi ń gbin ọkà bàbá ní apá ìlà-oòrùn odò lókè. Ní ọdún kan, ó ku díẹ̀ kí a kórè, erin wọ inú oko ní òru, kí ilẹ̀ tó mọ́, oko ti tán. Ìjọba a máa san owó gbà-má-bínú, ṣùgbọ́n ìyá mi ní owó náà kì í tó ọkà. Erin tí ẹ̀yin ń sanwó kí ẹ tó rí, òun náà ni ó jẹ oúnjẹ ìyá mi. Owó tí ẹ sì san, òun ni mo fi ń rán àwọn ọmọ mi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ sọ fún mi, ṣé kí n fẹ́ràn erin ni àbí kí n kórìíra rẹ̀?”

N kò rí èsì fún un. Kì í ṣe òun nìkan ni ó ń béèrè bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ wọn. Ní 2014, ìjọba wọn fòfin de ọdẹ ìgbafẹ́. Ní 2019, wọ́n tún ṣí i, lẹ́yìn tí àwọn ará abúlé ti pariwo pé erin ń pa oko, ó sì ń pa ènìyàn.

Ta ni ó rúbọ?

Wàyí o, ọ̀rọ̀ Moremi. Mo fẹ́ tètè kìlọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi: kí ọ̀rọ̀ méjì jọ ara wọn létí kò sọ wọ́n di ọmọ ìyá. Ọ̀rẹ́ mi sọ fún mi pé láti ara “rema”, tí ó túmọ̀ sí kí a fi àáké gé nǹkan, ni Moremi tiwọn ti wá. Orúkọ àwọn ọba Batawana ni, orúkọ ọkùnrin sì ni. Kò bá Mọremí Ilé-Ifẹ̀ tan.

Síbẹ̀, ẹ gbọ́ ìtàn náà. Ní 1963, nígbà tí ilẹ̀ náà ṣì wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún mẹ́ta kí Bòtswánà tó gba òmìnira ní 1966, àwọn Batawana rí i pé àwọn ọdẹ ń pa ẹranko wọn run. Obìnrin kan ni ó ń di ìjọba mú fún wọn, Pulane, opó ọba Moremi Kẹta. Wọ́n pé jọ sí kgotla, èyíinì ni ojúde tí ọba àti ará ìlú ti jọ ń fọ̀rọ̀ jomi tooro ọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fohùn ṣọ̀kan pé kí wọ́n ya apá kan ilẹ̀ wọn sọ́tọ̀, kí ọdẹ má ṣe wọ ibẹ̀ mọ́. Báyìí ni ọgbà ẹranko Moremi ṣe dìde. Kì í ṣe òyìnbó amúnisìn ni ó pa á láṣẹ fún wọn. Àwọn onílẹ̀ fúnra wọn ni, obìnrin ni ó sì ṣáájú.

Mọremí tiwa ńkọ́? Ìtàn rẹ̀ kò ṣàjèjì sí yín. Nígbà tí àwọn Ìgbò tí ń da aṣọ ìko bora ń kó Ifẹ̀ lẹ́rù, ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún odò Èsìnmìrìn, ó jẹ́ kí wọ́n mú òun lẹ́rú, ó mọ àṣírí wọn, ó sá padà wálé, Ifẹ̀ sì fi iná ṣẹ́gun. Ṣùgbọ́n odò béèrè ẹ̀jẹ́ rẹ̀: Olúorogbo, ọmọ kan ṣoṣo tí ó bí. Títí di òní, Ifẹ̀ ń ṣe ọdún Ẹdì ní ìrántí rẹ̀. Ohun tí ìtàn náà ń kọ́ wa ni pé a kò lè gba ìlú là kí a má rúbọ, ẹni tí ó rúbọ ni ó sì yẹ kí a máa rántí.

Ní alẹ́ kejì, àwọn òṣìṣẹ́ ní kí n wá bá àwọn jẹun lẹ́yìn ilé ìdáná. A jẹ bogobe, ọkà bàbá tí wọ́n rò bí ọkà tiwa, àti seswaa, ẹran tí wọ́n sè tí wọ́n sì gún. Mo béèrè lọ́wọ́ wọn pé ta ni ó rúbọ nígbà tí wọ́n dá ọgbà náà sílẹ̀. Wọ́n dákẹ́. Ìyá tí ń tún àgọ́ ṣe ni ó dáhùn: “Basarwa ni.” Òótọ́ ni. Àwọn Basarwa, àwọn ọdẹ tí ó ti wà lórí ilẹ̀ yẹn ṣáájú gbogbo èèyàn, ni wọ́n ní kí ó kó kúrò nínú ọgbà nígbà náà. Wọ́n tẹ̀dó sí Khwai, ní etí odò, lẹ́yìn ààlà. Lónìí, àwọn ará Khwai ní ẹgbẹ́ tiwọn tí ó ń gba owó lórí ibùdó àlejò ní ilẹ̀ wọn. Ìyẹn dára, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ó tó dé.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, kí ni ti ilẹ̀ wa nínú gbogbo èyí? Àwọn bàbá wa kò ní ọgbà ẹranko. Èèwọ̀ ni ọgbà tiwọn. Ẹ wo igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO kọ sínú ìwé kan náà ní 2005. A kì í gé igi níbẹ̀, a kì í dẹ ẹranko níbẹ̀, a kì í pa ẹja odò rẹ̀. Nítorí èèwọ̀ yìí ni igbó náà fi ṣì dúró nígbà tí ilé ti gba ilẹ̀ yí i ká. Ìlú tí ó ní igbó òòṣà lójoojúmọ́ ayé àtijọ́ kò lóǹkà; èyí tí ó kù lónìí ṣeé kà. Àwọn Batawana fi kgotla dá ẹranko wọn sí. Àwa fi òòṣà dá tiwa sí. Nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò sì ka èèwọ̀ sí mọ́, a kò fi nǹkan mìíràn dípò rẹ̀.

N kò sọ pé kí a lọ fi àgọ́ olówó ńlá kún igbó Ọ̀mọ̀. Ohun tí mò ń sọ kò ju mẹ́ta lọ. Èkíní, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kó àwọn ọmọ jáde kúrò nínú yàrá. Ọmọ tí kò bá mọ igi ìrókò lójú, kí ni yóò fi òwe ìrókò ṣe? Èkejì, ẹ̀yin àgbà, igbó tí ó bá kù ní ìlú yín, ẹ sọ orúkọ rẹ̀ fún àwọn ọmọ, kí ẹ sì sọ ìdí tí wọn kì í fi í gé e. Ẹ̀kẹta, ìjọba tí ó bá fẹ́ dá igbó sí, kí ó kọ́kọ́ pe àwọn tí ń gbé ibẹ̀ sí ojúde, kí ó gbọ́ tẹnu wọn, kí ó sì mọ ẹni tí yóò rúbọ kí ó tó gbé àkéte kalẹ̀ fún àlejò.

Nígbà tí bàálù gbé wa sókè ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, mo rí omi tuntun tí ó ń rọra tàn láàrin koríko, tí ó ń bọ̀ láti Àǹgólà. Mo rántí ìyá atọ́nà mi àti oko ọkà bàbá rẹ̀. Mo rántí erin òru. Lọ́sẹ̀ tí mo padà dé ilé-ẹ̀kọ́, ìjálá ni ó kan, erin ni ó sì kan. Mo bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé ta ni ó ti rí erin rí. Kò sí ẹnikẹ́ni tí ó nawọ́. Mo wá nawọ́ tèmi sókè, mo sì sọ fún wọn pé aṣọ wà láàrin wa.